Àbàtà, Omi Abẹ́ Ilẹ̀ àti Sẹ́ẹ̀lì: Ìwádìí lórí Májèlé Ásẹ́níìkì ní Bangladesh

Ásẹ́níìkì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn èròjà tí ó wà nínú òkúta àti iyẹ̀pẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Bí ó bá yòrò sínú omi, kì í ní àwọ̀, kì í ní òórùn, ahọ́n kò sì lè dá a mọ̀. Ní Bangladesh, omi kànga tí ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ènìyàn ń mu ní ìgbèríko ni ó ń gbé májèlé yìí wọ inú ara wọn fún bíi ogún ọdún kí ìjọba tó mọ̀. Allan Smith àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé àtìgbàdégbà Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ọdún 2000 pé a kò rí irú rẹ̀ rí nínú ìtàn, bí a bá ń ka iye ènìyàn tí májèlé kan ṣoṣo bá.

Ìwádìí lórí ọ̀ràn yìí kò ṣeé fi sí abẹ́ ẹ̀ka ìmọ̀ kan. Àwọn onímọ̀ nípa omi abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ gbà pé tiwọn ni. Nígbà tí ó yá, wọ́n rí i pé inú ẹrẹ̀ àbàtà ni okùn ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, àti pé inú sẹ́ẹ̀lì ni ó parí sí, ìyẹn ẹyọ kíún tí ojú lásán kò lè rí, tí a fi kọ́ ara gbogbo ohun ẹlẹ́mìí. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àbàtà ta kété bí ẹni tí kò bá odò tan. Òwe náà ń fi àbàtà tí ó sẹ́ ẹbí rẹ̀ ṣe ẹ̀fẹ̀. Ohun tí ìwádìí ti Bangladesh fi kún un ni pé ẹbí náà kò pin sórí ilẹ̀, ó dé ọ̀dọ̀ omi tí páìpù ń fà jáde láti ìsàlẹ̀ jíjìn.

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, àbàtà dúró fún gbogbo ilẹ̀ tí omi máa ń bò tàbí tí ó máa ń rin gbingbin fún ìgbà pípẹ́ nínú ọdún. Àkúrò tí àgbẹ̀ ń dáko sí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn jẹ́ oríṣi rẹ̀ kan, irà tí ẹsẹ̀ ń rì sí jẹ́ òmíràn. Oko ìrẹsì olómi ti ilẹ̀ Éṣíà náà wà lábẹ́ orúkọ yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ ènìyàn ni ó ṣe é.

Kànga onípáìpù

Bangladesh wà ní ibi tí odò ńlá mẹ́ta, Ganges, Brahmaputra àti Meghna, ti ń pàdé kí wọ́n tó wọ òkun. Fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ni àwọn odò wọ̀nyí ti ń kó iyẹ̀pẹ̀ láti orí òkè Himalaya wá síbẹ̀. Omi kò wọ́n ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Omi tí ó mọ́ ni ó wọ́n. Inú adágún, inú odò àti inú kànga tí wọ́n fi ọwọ́ gbẹ́ ni àwọn ará abúlé ti ń pọn omi mímu, ìgbẹ́ gbuuru àti àrùn onígbáméjì sì ń pa wọ́n lọ́mọ.

Nítorí èyí ni UNICEF àti ẹ̀ka ìjọba tí ó ń bójú tó omi ṣe bẹ̀rẹ̀ sí rọ àwọn ènìyàn ní àwọn ọdún 1970 pé kí wọ́n máa mu omi kànga onípáìpù, èyí tí àwọn ará Bengal ń pè ní nolkup. Páìpù tóóró kan ni, tí a rì sínú ilẹ̀, tí ẹ̀rọ tí a ń fi ọwọ́ tẹ̀ sì wà lórí rẹ̀. Owó rẹ̀ kò ga, ilẹ̀ ibẹ̀ kò sì le, nítorí náà kò pẹ́ tí àwọn ìdílé fi bẹ̀rẹ̀ sí fi owó ara wọn rì í sí àgbàlá. Omi rẹ̀ tutù, ó mọ́ gaara, kòkòrò àrùn kò sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ikú ọmọ wẹ́wẹ́ dínkù púpọ̀ ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n sì ka kànga yìí mọ́ ohun tí ó fà á. Ẹni tí yóò bá dá àwọn tí ó gbé ètò náà kalẹ̀ lẹ́bi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rántí èyí.

Ní ọdún 1983, ní ìlú Kolkata ní ilẹ̀ Íńdíà, oníṣègùn awọ ara kan, K. C. Saha, rí àwọn aláìsàn tí àmì tó-tò-tó bo awọ ara wọn bí ẹni pé òjò kán sórí eruku, tí àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ wọn sì le gbagidi, tí ó yọ kókó. Omi kànga ni wọ́n tọpa àrùn náà dé. Dipankar Chakraborti ti Yunifásítì Jadavpur lo ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà láti yẹ omi kànga wò ní ìhà méjèèjì ẹnubodè. Ní ọdún 1993 ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Bangladesh fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ásẹ́níìkì wà nínú omi kànga ní àgbègbè Chapai Nawabganj.

Ó ku ká mọ bí ó ṣe gbilẹ̀ tó. Láàrin ọdún 1998 sí 1999, àjọ onímọ̀ ilẹ̀ ti Gẹ̀ẹ́sì, British Geological Survey, àti ìjọba Bangladesh bu omi kànga 3,534 yẹ̀ wò ní àgbègbè 61 nínú 64 tí orílẹ̀-èdè náà pín sí. Àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2001. Nínú àwọn kànga tí kò jìn tó mítà 150, ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún ni ásẹ́níìkì inú wọn ju máíkírógíráàmù 50 lọ nínú lítà omi kan, èyí tí òfin Bangladesh fi ṣe òpin. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ òpin tiwọn di 10 láti ọdún 1993. Bí a bá fi èyí wọ̀n ọ́n, ìdá 46 ni ó kọjá ààlà. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé ènìyàn bíi mílíọ̀nù 35 ni ó ń mu omi tí ó ju 50 lọ, àti mílíọ̀nù 57 tí tiwọn ju 10 lọ. (Òfin omi mímu ti Nàìjíríà tí wọ́n gbé jáde ní 2007 náà fi 10 ṣe òpin.)

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn tí ń kọ nípa ìwádìí yìí máa ń fẹ́ fò kọjá. Ní ọdún 1992, kí ariwo tó ta, àjọ ti Gẹ̀ẹ́sì yìí kan náà ti yẹ omi kànga kan wò ní Bangladesh, wọ́n wá oríṣiríṣi èròjà nínú rẹ̀, wọn kò wá ásẹ́níìkì. Ará Bangladesh kan tí májèlé náà bá gbé wọn lọ sí ilé ẹjọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ilé Àwọn Olóyè, tí ó jẹ́ ilé ẹjọ́ gíga jù lọ nígbà náà, dá ẹjọ́ náà ní ọdún 2006 pé àjọ náà kò jẹ ẹ́ ní ojúṣe tí òfin lè fi mú wọn, nítorí pé kì í ṣe àwọn ni omi ọ̀hún wà níkàáwọ́ wọn. Ìdájọ́ náà ṣe é gbèjà ní ti òfin. Ní ti ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ burú: èsì ìwádìí kò lè sọ ju ohun tí a bi í lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá kà á lè rò pé ó ti sọ gbogbo rẹ̀ tán.

Nínú ẹrẹ̀

Ohun kan tètè rú àwọn olùwádìí lójú. Kànga àtijọ́ tí wọ́n fi ọwọ́ gbẹ́, tí wọ́n ti pa tì nítorí ìdọ̀tí, kì í sábà ní ásẹ́níìkì nínú. Kànga tí ó jìn ju mítà 150 lọ kò sábà ní in. Èyí tí ó wà láàrin méjèèjì, níbi tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ páìpù dé, ni májèlé ti pọ̀. Àwọn kan kọ́kọ́ rò pé fífa omi jáde ni ó jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọ inú ilẹ̀ lọ jẹ òkúta tí ásẹ́níìkì wà nínú rẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ ni, omi tí ó súnmọ́ afẹ́fẹ́ jù ni ìbá burú jù, kò sì rí bẹ́ẹ̀. Ross Nickson, John McArthur àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kọ ọ́ sínú ìwé *Nature* ní ọdún 1998 pé òdìkejì èyí gan-an ni ọ̀rọ̀ náà: àìsí afẹ́fẹ́ ni ó ń tú ásẹ́níìkì sílẹ̀.

Ìpẹtà irin ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Iyẹ̀pẹ̀ tí odò kó wá láti òkè Himalaya ní ìpẹtà tín-ín-rín lára, òun ni ó sì ń fún un ní àwọ̀ pupa rúsúrúsú. Ìpẹtà a máa fa ásẹ́níìkì mọ́ra, a sì dì í mú ṣinṣin. Níwọ̀n ìgbà tí ọ́síjìn bá ń dé ibẹ̀, kò sí ewu. Ṣùgbọ́n ní àbàtà, ewé, gbòǹgbò àti koríko a máa kú sínú omi, ẹrẹ̀ a bò wọ́n, wọn a sì jẹrà di ilẹ̀ dúdú. Àwọn bakitéríà tí ń jẹ wọ́n a lo gbogbo ọ́síjìn tí ó wà nínú ẹrẹ̀ tán. Bí ọ́síjìn bá tán, àwọn kan kú, àwọn mìíràn kò kú.

Àwọn tí kò kú yìí ni ọ̀rọ̀ kàn. Gbogbo ohun ẹlẹ́mìí tí ó bá jẹun láti rí agbára gbọ́dọ̀ rí ibi tí yóò ju ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù tí ó ṣẹ́kù sí. Ọ́síjìn ni ènìyàn ń jù ú sí. Ìdí nìyẹn tí a fi ń mí. Àwọn bakitéríà bíi Geobacter lè jù ú sára ìpẹtà irin. A lè sọ pé ìpẹtà ni wọ́n ń mí sínú. Ìpẹtà tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ lò a yòrò sínú omi, ásẹ́níìkì tí ó dì mú a sì bọ́ sílẹ̀. Ní ọdún 2004, Farhana Islam, Jonathan Lloyd àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Manchester fi èyí hàn pẹ̀lú ẹrẹ̀ tí a gbé wá láti ìwọ̀-oòrùn Bengal. Wọ́n fi oúnjẹ díẹ̀ bọ́ àwọn bakitéríà inú rẹ̀, wọ́n sì ń wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Irin ni ó kọ́kọ́ yòrò. Lẹ́yìn ìyẹn ni ásẹ́níìkì ṣẹ̀ṣẹ̀ wá jáde, kò bá a rìn lẹ́ẹ̀kan náà. Kíkú tí ìpẹtà kú nìkan kò tó, nígbà náà; àwọn bakitéríà tún ń fọwọ́ kan ásẹ́níìkì fúnra rẹ̀.

Níbo ni oúnjẹ àwọn bakitéríà yìí ti wá? Lórí ìbéèrè yìí ni àríyànjiyàn ti pọ̀ jù. McArthur àti àwọn tí wọ́n gbà fún un tọ́ka sí àbàtà ayé àtijọ́ tí iyẹ̀pẹ̀ ti bò mọ́lẹ̀ tipẹ́. Charles Harvey àti ẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ṣiṣẹ́ ní Munshiganj, kọ ọ́ ní ọdún 2002 pé oúnjẹ tuntun ni, èyí tí omi ń gbé sọ̀kalẹ̀ láti orí ilẹ̀ nítorí pé àwọn àgbẹ̀ ń fa omi púpọ̀ jáde fún ìrẹsì. Ní ọdún 2010, Rebecca Neumann àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ síwájú sí i ní ibi kan náà. Wọ́n tọpa omi tí ó ti inú oko ìrẹsì wọ ilẹ̀, ásẹ́níìkì inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Wọ́n tọpa èyí tí ó ti inú adágún wọ ilẹ̀, májèlé pọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn adágún yìí, ọwọ́ ènìyàn ni ó gbẹ́ wọn: nígbà tí wọ́n ń bu iyẹ̀pẹ̀ láti fi gbé ilé ga kúrò lọ́wọ́ àgbàrá, kòtò tí ó kù ni ó di adágún. Michael Polizzotto àti Scott Fendorf ní tiwọn lọ sí etí odò Mekong ní Cambodia, níbi tí àwọn àgbẹ̀ kò tíì máa fa omi jáde bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fi hàn ní ọdún 2008 pé àbàtà orí ilẹ̀ nìkan, láìsí ẹ̀rọ kankan, ti tó láti tú ásẹ́níìkì sínú omi abẹ́ ilẹ̀. Ó dà bí ẹni pé gbogbo wọn ni wọ́n ní ẹ̀rí, tí ibi tí olúkúlùkù gbẹ́ sì yàtọ̀.

Àwọn agbẹ́kànga ní agbègbè Matlab kò dúró de ìwé àwọn onímọ̀. Wọ́n ti kíyè sí i pé iyẹ̀pẹ̀ dúdú tàbí eléérú kì í mú omi rere wá, pé bí páìpù bá ti kan iyẹ̀pẹ̀ pupa, ibẹ̀ ni kí a dúró sí. Àwọn olùwádìí tí wọ́n bá wọn ṣiṣẹ́ yẹ omi náà wò, wọ́n sì rí i pé òótọ́ ni: iyẹ̀pẹ̀ pupa ni ibi tí ìpẹtà ṣì wà, tí ó ṣì di ásẹ́níìkì mú.

Nínú sẹ́ẹ̀lì

Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan yí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ká, kì í sì í ṣe gbogbo ohun tí ó bá kan ibẹ̀ ni ó ń wọlé. Àwọn ẹnu-ọ̀nà wà lára awọ yìí tí a fi purotéènì ṣe, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó sì mọ ohun tí ó ń gbà wọlé. Ásẹ́níìkì kò ní ẹnu-ọ̀nà tirẹ̀. Ti ẹlòmíràn ni ó ń gbà.

Oríṣi méjì rẹ̀ ni ó wà nínú omi. Èyí tí à ń pè ní ásẹ́níètì jọ fọ́sífẹ́ètì bí ìbejì, fọ́sífẹ́ètì sì ni ohun tí sẹ́ẹ̀lì fi ń pa agbára mọ́, tí ó sì wà nínú DNA. Ẹnu-ọ̀nà fọ́sífẹ́ètì kò lè fi ìyàtọ̀ sáàrin wọn dáadáa. Tí ó bá wọlé, ó gba ipò fọ́sífẹ́ètì níbi tí wọ́n ti ń pèsè agbára, ohun tí a bá sì fi òun so pọ̀ a tú lójú ẹsẹ̀. Oríṣi kejì, ásẹ́náìtì, ni ó pọ̀ jù nínú omi tí kò ní ọ́síjìn. Ẹnu-ọ̀nà tí ó wà fún gilísérọ́ọ̀lù ni ó ń gbà. Barry Rosen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní ọdún 2002 pé méjì nínú irú ẹnu-ọ̀nà bẹ́ẹ̀, AQP7 àti AQP9, ń gbà á wọlé. AQP9 pọ̀ nínú ẹ̀dọ̀.

Imí-ọjọ́ ni ásẹ́náìtì ń wá nínú sẹ́ẹ̀lì. Ọ̀pọ̀ purotéènì ni imí-ọjọ́ wà ní ojú ibi tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Bí ásẹ́náìtì bá lẹ̀ mọ́ ọn, iṣẹ́ dúró. Lára wọn ni àwọn tí ń tún DNA ṣe bí ó bá bàjẹ́. Ìbàjẹ́ tí a kò tún ṣe a máa gbára jọ lọ́dọọdún, ìdí nìyẹn tí àmì fi ń pẹ́ kí ó tó hàn lára awọ, tí àrùn jẹjẹrẹ awọ ara, ti ẹ̀dọ̀fóró àti ti àpò ìtọ̀ fi máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun kan náà yìí ni àwọn oníṣègùn Harbin ní ilẹ̀ Ṣáínà yí padà sí oògùn láti àwọn ọdún 1970: oríṣi jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan wà tí purotéènì kan tí ó ti dàrú ń fà, ásẹ́níìkì a lẹ̀ mọ́ purotéènì náà, sẹ́ẹ̀lì a sì wó o palẹ̀. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi àṣẹ sí oògùn yìí ní ọdún 2000.

Ọ̀pọ̀ bakitéríà ní jíìnì tí wọ́n fi ń ti ásẹ́náìtì jáde bí ìgbà tí a ń gbọ́n omi inú ọkọ̀ ojú omi. Ọ̀nà tí ara ènìyàn gbà yàtọ̀, ó sì léwu díẹ̀. Nínú ẹ̀dọ̀, ẹ́ńsáìmù kan tí wọ́n ń pè ní AS3MT a máa so èròjà kékeré kan mọ́ ásẹ́níìkì, lẹ́yìn náà a tún so ìkejì mọ́ ọn, kí ó lè bá ìtọ̀ jáde. Bí ó bá parí iṣẹ́ náà, ara yá. Bí ó bá dúró lójú ọ̀nà lẹ́yìn ìkínní, ohun tí ó wà nílẹ̀ lè burú ju májèlé àkọ́kọ́ lọ. Ìdí nìyẹn tí ènìyàn méjì fi lè mu omi kànga kan náà kí ọ̀kan ṣàìsàn kí èkejì má ṣàìsàn. Brandon Pierce àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní ọdún 2012, láàrin àwọn ará Bangladesh, pé ìyàtọ̀ nínú DNA ní àyíká jíìnì AS3MT wà lára ohun tí ó fà á. Ní San Antonio de los Cobres ní Argentina, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń mu omi ásẹ́níìkì fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, irú jíìnì tí ń parí iṣẹ́ náà dáadáa ti wọ́pọ̀ ju ibòmíràn lọ. Àwọn ará Bangladesh kò tíì mu ún ju ìran méjì lọ.

Oúnjẹ náà ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Èròjà tí ẹ́ńsáìmù náà ń so mọ́ ásẹ́níìkì, fólíìkì tí ó wà nínú ẹ̀fọ́ ń ràn án lọ́wọ́ láti wà. Mary Gamble àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fún àwọn ará Bangladesh tí fólíìkì ara wọn kò tó ní hóró rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 12, ásẹ́níìkì inú ẹ̀jẹ̀ wọn sì dínkù. Kì í ṣe ìwòsàn, kò sì gba ipò omi tí ó dára.

Àwọ̀ pupa, àwọ̀ ewé

Ní Araihazar, tí kò jìnnà sí Dhaka, Alexander van Geen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ omi kànga bíi 6,000 wò lórí ilẹ̀ tí kò ju kìlómítà 25 níbùú-lóròó lọ. Kànga tí májèlé kún inú rẹ̀ lè wà ní ẹ̀gbẹ́ èyí tí ó dára, láàrin àgbàlá kan sí èkejì. Ìbànújẹ́ ni èyí, ìròyìn ayọ̀ sì ni: ìdílé tí kànga tirẹ̀ kò dára lè rí omi rere lọ́dọ̀ aládùúgbò. Láti ọdún 2000 ni wọ́n ti ń tẹ̀ lé àgbàlagbà tí ó ju 11,000 lọ níbẹ̀. Maria Argos àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣírò rẹ̀ ní ọdún 2010 pé ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún ikú tí ó ṣẹlẹ̀ láàrin wọn ni a lè so mọ́ omi tí ásẹ́níìkì rẹ̀ ju 10 lọ. Àwọn ọmọ tí wọ́n ń mu omi tí ó burú jù náà kò ṣe dáadáa tó ẹgbẹ́ wọn nínú ìdánwò òye.

Ìjọba yẹ kànga bíi mílíọ̀nù márùn-ún wò káàkiri orílẹ̀-èdè ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, wọ́n sì kun ẹnu wọn: pupa fún èyí tí ó ju 50 lọ, àwọ̀ ewé fún èyí tí kò tó bẹ́ẹ̀. Bíi mílíọ̀nù 1.4 ni wọ́n kùn ní pupa. Ní Araihazar, ó ju ìdajì àwọn tí kànga wọn burú tí wọ́n yípadà sí òmíràn. Ṣùgbọ́n ọ̀dà a máa ṣí, wọ́n sì ń rì páìpù tuntun lójoojúmọ́ tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò.

Abul Hussam, ọmọ Bangladesh tí ó ń kọ́ni ní Yunifásítì George Mason nígbà náà, ṣe asẹ́ omi kan tí wọ́n ń pè ní SONO. Irin tí ó dípẹtà ni ó wà nínú rẹ̀: ohun tí ó ju ásẹ́níìkì sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀ ni ó tún gbà á mú nínú asẹ́. Ó gba ẹ̀bùn mílíọ̀nù kan dọ́là lórí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2007. Àwọn mìíràn gbà pé kànga jíjìn ni ó dára jù, ìjọba sì ti rì púpọ̀ nínú rẹ̀. Human Rights Watch kọ ọ́ ní ọdún 2016 pé bíi ogún mílíọ̀nù ènìyàn ni ó ṣì ń mu omi tí ó kọjá ààlà ìjọba, àti pé àwọn olóṣèlú ń darí kànga jíjìn lọ sí àgbàlá àwọn alátìlẹyìn wọn.

Kò sì tán sínú omi mímu. Omi abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n fi ń rin oko ìrẹsì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, oko náà sì di àbàtà fún oṣù mélòó kan, ọ́síjìn a tán nínú ẹrẹ̀ rẹ̀, ásẹ́náìtì a sì jáde. Ní ọdún 2008, Jian Feng Ma àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí ẹnu-ọ̀nà tí ó ń gbà wọ inú gbòǹgbò ìrẹsì: Lsi1, tí ó wà fún sílíkà, èyí tí ìrẹsì nílò kí igi rẹ̀ lè dúró. Bí àgbẹ̀ bá jẹ́ kí oko gbẹ díẹ̀ kí ó tó tún fa omi sí i, ọ́síjìn a wọlé, ìpẹtà a tún dì, ásẹ́níìkì inú hóró ìrẹsì a sì dínkù. Àwọn olùwádìí ṣì ń wá iye ọjọ́ tí oko lè fi gbẹ tí ìkórè kò ní dínkù.